Lẹ́yìn Oyè Dókítà, Níbo La Ti Ń Kọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì?

Bí ọmọ tó ti di dókítà bá wálé ọdún sí Jobele, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀: "Ṣé ìwé yìí kò ní parí ni?" Ìyá náà kò ṣe àṣejù. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi kàwé ní yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ó fi ọdún kan ṣe háúsì-jọ́ọ̀bù, ó fi ọdún kan ṣe àgùnbánirọ̀. Gbogbo àdúgbò ti ń pe ìyá ní Ìyá Dókítà. Ọmọ wá tún dé, ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò kí wọ́n lè gba òun sí ibi tí wọn yóò ti kọ́ òun fún ọdún mélòó kan sí i. Àwọn méjèèjì ni mo ń kọ èyí fún: ọmọ tó ń wá ibi tí yóò ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti òbí tó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun tún ń lé kiri.

Ojú títì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Jobele ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, ó sì wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ tó ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jáde ní Fìdítì, ọ̀kadà tó gbé ènìyàn mẹ́ta, bọ́ọ̀sì èrò, tírélà, ojú ọ̀nà ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà nítòsí ló ń kọ́kọ́ sáré débẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì gbà láti dúró ni wọ́n ń gbé ẹni tó fara pa sí. Bí ọkọ̀ náà bá kọjú sí Ọ̀yọ́, ọsibítù ìjọba tó wà níbẹ̀ ni. Bó bá kọjú sí Ìbàdàn, ó lè di UCH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ìbànújẹ́ ojú títì tipẹ́. Níbí ni Wọlé Ṣóyínká ti ṣe agbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní 1988. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè gbé ènìyàn dé ẹnu géètì ọsibítù. Ta ló wà nínú géètì ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, dókítà tí ipò rẹ̀ kéré jù ló ń kọ́kọ́ rí aláìsàn. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀, á pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ ọmọdé tí gírí mú, á pe àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé. Bó bá jẹ́ aboyún, á pe àwọn tó ń gbẹ̀bí. Kí ẹni tí a pè tó sọ̀ kalẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, nǹkan lè ti bàjẹ́. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wọ̀nyí ti pín ara ènìyàn láàárín ara wọn: ẹnì kan gba ojú, ẹnì kan gba egungun, ẹnì kan gba ọkàn. Dókítà pàjáwìrì kò gba ẹ̀yà ara kankan. Wákàtí àkọ́kọ́ ni tirẹ̀, lára ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ìkókó tàbí arúgbó.

Nínú wákàtí yẹn, kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ àìsàn. Ó ń wò bóyá ọ̀nà ọ̀fun ṣí, bóyá èémí ń wọlé tó sì ń jáde, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yí ara ká. Èyí tó bá rí pé kò dára ló máa tún ṣe kó tó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí aláìsàn bá pọ̀, ó ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ètò kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní South Africa ní 2004, tí àwọn ọsibítù mìíràn ní Áfíríkà náà ń lò: àwọ̀ pupa fún ẹni tí kò lè dúró rárá, àwọ̀ ọsàn fún ẹni tó kù díẹ̀ kó dà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tó lè dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè dúró pẹ́. Ohun tí kì í yé àwọn ẹbí tó wà níta nìyí. Wọ́n á ní, "A ti kọ́kọ́ dé ṣáájú wọn!" Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo, ó kéré tán, ó ń mí. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé tí kò sọ̀rọ̀ rárá ni dókítà ń sáré sí.

Ní Afijio, kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá. Àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ lóko wà níbẹ̀, ẹni tó já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ wà níbẹ̀, bákan náà ni ọmọ tó mu òtapiàpiá nítorí pé inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n rọ ọ́ sí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó dédé rọ lápá kan wà níbẹ̀, àti ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tí eegun ń ro títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó fi àwọn wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí àwọn ni yóò fi wọn ibi tó bá fẹ́ yàn.

Ẹ̀kọ́ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1952 ni wọ́n yan Maurice Ellis ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti jẹ́ dókítà àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀ka ìjàǹbá lọ. Ní 1970, Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ́sídẹ́ńsì pàjáwìrì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí dókítà ń gbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà, Bruce Janiak lorúkọ rẹ̀. Ó di 1979 kí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà tó gbà pé ẹ̀ka tó dá dúró ni. South Africa gbà á ní 2003.

Ti Ghana ló yẹ kí àwa fara balẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2001, Hearts of Oak àti Asante Kotoko ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Accra. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn èrò sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà jáde. Ó lé ní 120 ènìyàn tó kú. Ọ̀fọ̀ yẹn la orílẹ̀-èdè náà lójú sí i pé kò sí ibi tó múra sílẹ̀ láti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fara pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2009, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Komfo Anokye ní Kumasi ṣí ibùdó ìjàǹbá àti pàjáwìrì tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ́sídẹ́ńsì níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Michigan. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà parí ní 2012. Wọn kò kó àwọn ọmọ náà lọ sí Michigan láti kọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n mú wá sí Kumasi, kí ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ lára irú àwọn tí yóò máa tọ́jú.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí dókítà ń gbà rèé. Lẹ́yìn háúsì-jọ́ọ̀bù, níbi tó ti yí ká àwọn ẹ̀ka mẹ́rin, ìṣègùn, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé àti ti aboyún, ìgbìmọ̀ MDCN yóò fún un ní ìwé àṣẹ tó pé. Yóò ṣe àgùnbánirọ̀ tàbí kó gba ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda òun. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí gbogbo dókítà ń pè ní Primary. Méjì ni orísun rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì NPMCN tí òfin 1979 dá sílẹ̀, tó wà ní Ìjanikin l'Ékòó. Èkejì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WACS fún àwọn oníṣẹ́ abẹ àti WACP fún àwọn oníṣègùn. Ìmọ̀ ìpìlẹ̀ tó kọ́ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni Primary ń bi í, bí ara ṣe rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí oògùn ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ti gbàgbé gbọ́dọ̀ padà sídìí rẹ̀.

Bó bá yege, ó ku kó wá ọsibítù tí yóò gbà á sípò rẹ́jísítírà. Yóò ṣiṣẹ́, yóò sì máa gba owó oṣù, nítorí náà kí òbí má bẹ̀rù pé owó ilé-ìwé tún dé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni Part I, tí yóò sọ ọ́ di rẹ́jísítírà àgbà. Lẹ́yìn náà ni Part II, tó ní ìwádìí tó ní láti kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ ló lè di kọnsọ́táńtì. Òfin rẹ́sídẹ́ńsì ti 2017 ló ń darí gbogbo èyí, òun náà ló sì fìdí owó ìrànwọ́ múlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà láti san owó ìdánwò. Bí ọmọ yín bá wọ ọsibítù kan, kó béèrè ẹ̀tọ́ yìí.

Ìtọ́jú pàjáwìrì ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní NPMCN, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti iṣẹ́ abẹ tàbí ti ìtọ́jú ọmọdé. Èyí ló mú kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ṣàbẹ̀wò sí ọsibítù, òun ló ń fún un láṣẹ láti kọ́ dókítà ní ẹ̀ka kan, àṣẹ náà sì ní iye ọdún tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ọsibítù lè gbajúmọ̀ kó má ní àṣẹ fún ẹ̀ka tí ẹ ń wá. Ọdún tí ènìyàn bá lò níbi tí kò láṣẹ kò ní wọ inú ìṣirò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe é. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, kí ẹ tó lọ béèrè ní UCH, ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀, ní LUTH tàbí LASUTH l'Ékòó. Ẹni tí kò bá rí àyè lè gba ọ̀nà ìṣègùn ìdílé, iṣẹ́ abẹ tàbí ìṣègùn akunnilóorun, nítorí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì. Kì í ṣe àṣìṣe láti gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka yìí lónìí, ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìwé, ohun tí mo kà sí jù ni èyí: ní agogo méjì òru, ta ló dúró ti rẹ́jísítírà? Mo ti bá ẹbí mi kan dúró lóru ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ. Ikọ́ fée ló mú un. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ gbìyànjú, a rí i pé ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yẹ kó bi léèrè wà ní orí fóònù, fóònù kan kò sì wọlé. Ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń wo ojú rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹni wa yè é. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀dọ́ kan bá wá béèrè lọ́wọ́ mi nípa ọsibítù, n kì í béèrè bí ilé náà ṣe tóbi tó. Mo ń béèrè iye kọnsọ́táńtì tí orúkọ wọn wà lórí ìwé kọ́ọ̀lù, àti iye wọn tó máa ń wá sí yàrá náà fúnra wọn. Iṣẹ́ yìí dà bí iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù lè lo ọdún mẹ́fà, kó máa tún àṣìṣe kan náà ṣe.

Ẹ béèrè nípa ohun èlò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bó ṣe yẹ. Kò sí ọsibítù tí yóò sọ pé òun kò ní ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn ní òru. Ẹ béèrè bóyá ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹnì kan ní láti yí sílíńdà wá láti ibòmíràn, àti ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dé láti báńkì ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́ iṣẹ́ níbi tí nǹkan ti ṣọ̀wọ́n lè gbọ́n ju ẹni tó ní gbogbo rẹ̀, èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ohun tó dára lójú rẹ̀ ná, kó tó mọ ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí: kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́? Òfin ìlera ti 2014, ní abala 20, sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí yòówù; owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Òfin mìíràn tó jáde ní 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láì dúró de ìwé ọlọ́pàá. Ọsibítù tó bá ń pa àwọn òfin yìí mọ́ ní láti ti ṣètò ibi tí owó oògùn àkọ́kọ́ ti ń wá. Bí kò bá sí ètò, rẹ́jísítírà ni yóò máa tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, tàbí kó kọ́ láti máa wo aláìsàn níran. Ìwà tó bá kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ ṣòro láti bọ́ sílẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le tó yíyàn. Ọsibítù yóò kéde àyè, ẹ ó gba fọ́ọ̀mù, ẹ ó fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé MDCN tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, ìwé àgùnbánirọ̀ àti èsì Primary sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkéde, nítorí àkókò tí wọ́n ń fúnni lè kúrú. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣeré. Wọ́n á lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù, tí kò rí iṣẹ́ wọn rí ju ìgbà tí wọ́n jọ kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ bá ẹni tó rí yín nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́tà tó sọ pé "dókítà yìí ló ṣàkíyèsí pé aláìsàn tí gbogbo wa rò pé oorun ló ń sùn ti dákú" wúwo ju ojú ìwé mẹ́ta tó ní "ọmọlúàbí ni" lọ.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn yóò gbé ọ̀ràn kan sílẹ̀: bọ́ọ̀sì kan gbókìtì, ènìyàn mẹ́jọ wọlé, ìwọ àti nọ́ọ̀sì méjì ni ẹ wà níbẹ̀, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ oògùn. Àwọn tó ń bi wọ́n ń dúró láti gbọ́ pé ẹ ó pe ènìyàn sí i, pé ẹ ó ya àwọn mẹ́jọ yìí sọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, pé ẹ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ju agbára yín lọ.

N kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń wo òkè òkun. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà láti ọ̀dọ̀ wa yóò kọ́kọ́ fi ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì hàn, yóò ṣe ìdánwò ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní PLAB, tí ìpele kejì rẹ̀ jẹ́ ní Manchester, kí ìgbìmọ̀ GMC tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ pàjáwìrì níbẹ̀: mẹ́ta àkọ́kọ́ ní àwọn yàrá tó jọ mọ́ ara wọn, pàjáwìrì, akunnilóorun àti ti àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, mẹ́ta yòókù ní ẹnu iṣẹ́ gangan. Ọ̀pọ̀ ló ń gba iṣẹ́ lásán ní ẹ̀ka pàjáwìrì níbẹ̀ láì wọ inú ẹ̀kọ́ náà, tí ọdún sì ń lọ. Iṣẹ́ yàtọ̀, rẹ́sídẹ́ńsì yàtọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè èwo ni.

Ti Amẹ́ríkà jọ iṣẹ́ alárinà. Lẹ́yìn ìdánwò USMLE àti ìwé ECFMG, dókítà yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kẹsàn-án, wọn yóò bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀, lẹ́yìn náà yóò to àwọn ibi tó fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ibi kọ̀ọ̀kan náà yóò to àwọn dókítà tó fẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò wá so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn á sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì kẹta oṣù Kẹta. Alvin Roth, tó tún ètò ìsopọ̀ yìí ṣe, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ láti ìfẹ́ dókítà, nítorí náà kí ẹ kọ ibi tí ẹ fẹ́ jù sí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń rò pé "wọn ò lè mú mi níbẹ̀" tó wá fi ibòmíràn ṣáájú, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ìṣòro àwọn ọmọ wa wà níbòmíràn: àwọn ibi ẹ̀kọ́ pàjáwìrì níbẹ̀ ń béèrè lẹ́tà pàtàkì láti ẹ̀ka pàjáwìrì tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà, kì í sì í rọrùn láti rí irú àyè bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní 2023, ó lé ní 500 àyè pàjáwìrì tí ìsopọ̀ yẹn kò rí ẹni fi dí. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àti físà ṣì wà níwájú.

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì náà ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn ọlọ́jà àti ọlọ́tí wà lójú títì. Ẹ jókòó láti agogo mẹ́wàá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀gá wọlé. Ẹ wo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bá rẹ́jísítírà sọ̀rọ̀, bóyá ó lè sọ fún un pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹni yìí wò," kó sì gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bi rẹ́jísítírà náà léèrè ohun tó kọ́ ní òru yẹn, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí yóò sọ.